Gbọ̀ngàn tí Ìyá Mi ti Dá Orin Kẹ́yìn

Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn láti máa bi mí pé ibo ni mo ti gbádùn orin jù láyé mi. Wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn kí n lọ wo olórin lójúkojú, pé mi ò ka ti inú fóònù sí nǹkan kan. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Òrò, ẹgbẹ́ olórin kan wá ṣeré fún wa lórí pápá, òjò pa wá títí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi fi ṣí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀. Mo ti jókòó nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Ìlọrin tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn títí mo fi tọrọ ìborùn lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ọmọ mi obìnrin ti mú mi lọ sí ibi kan létí òkun ní Èkó, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fò sókè tí iyanrìn sì ń kó sórí ẹja tí a rà. Gbogbo rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún wọn: gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ọ̀mù-Àrán, èyí tó ní òrùlé páànù àti fèrèsé onígi, tó máa ń gbóná débi pé àwọn obìnrin á máa fi ìwé orin fẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbádùn orin jù. Tí wọ́n bá tún bi mí ní èyí tí mo kórìíra jù, ibẹ̀ náà ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Màmá ti tún dé. Mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn rí, torí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀, inú á tún bí mi, oúnjẹ ò sì ní lọ lọ́fun mi lọ́jọ́ náà.

Ilé Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pe agbo ilé wa, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yí ẹ̀yìn balùwẹ̀ ká. Ilé náà kì í dákẹ́. Láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ìgbálẹ̀ lójúde, ẹ ó gbọ́ garawa tó ń kan ara wọn bí a ti ń lọ pọn omi, ẹ ó gbọ́ bàbá bàbá mi tó ń wúkọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹ ó sì gbọ́ àwọn ọmọ kéú Alùfáà, aládùúgbò wa, tí wọ́n ń ka wàláà wọn lókè ohùn. Ilé ìjọ ni tiwa, ilé kéú ni tiwọn, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin wa. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n fọ abọ́ àná, kí n sì bó iṣu fún ìyá mi tí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Iyán ni oúnjẹ wa. Ẹni tí kò bá jẹ iyán lóòjọ́ nílé wa, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Odó ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn, ibẹ̀ sì ni ibi ìṣeré àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ láyé. Bí ìyá mi bá ti gbé ọmọ odó sókè, orin ti bẹ̀rẹ̀. Á dá a nígbà tí ọmọ odó ń lọ sókè, a ó gbè é nígbà tó bá balẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé yòókù á máa gbè é láti ibi tí kálukú wà, ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń fọ aṣọ, ẹni tó ń dirun fún ọmọ. Àwọn ọmọ kéú lódìkejì ògiri náà á gbè é bí Alùfáà bá ti jáde. Mo rò pé bí gbogbo ilé ṣe rí nìyẹn. Ìgbà tí ilé wa dákẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ẹnì kan ló ń mú un sọ̀rọ̀.

Èsìẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi wá. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe èyí tó tinrín. Ó nípọn, ó sì máa ń há díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rò pé kò ní lè gòkè, kí ẹ tó mọ̀ ó ti kọjá orí ilé. Ohun tó sì ń fi ohùn náà kọ ni orúkọ. Àwọn ọmọ òde òní kò mọ èyí mọ́, nítorí náà kí n ṣàlàyé. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni tí ìyàwó bá bá nínú ilé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè jókòó. Kò gbọ́dọ̀ pè é ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó ní láti fún un ní òmíràn láti inú ara rẹ̀. Ìyá mi mọ bí a ti ń fún wọn lórúkọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó ti Rore padà wá sílé bàbá rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Ìyá Rore ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n Adúmáadán ni lẹ́nu ìyá mi. Ọmọ kan wà tó fi díẹ̀ jù mí lọ, Bàbá Ẹlẹ́ran ni ìyá mi ń pè é, torí pé ẹran ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ nínú àwo. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin, tí ìyá mi jù lọ́jọ́ orí, Eyínmẹ́nugún ni, nítorí eyín rẹ̀ funfun, ó sì tò. Bí ìyá mi bá ń gún iyán, á to gbogbo wọn sínú orin lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á sì máa rẹ́rìn-ín lọ́dẹ̀dẹ̀ bí ó bá ti kan wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní láti sọ ìyẹn, kí n má baà purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa títí di ọ̀sán ọjọ́ kan.

Tíṣà ni bàbá mi ní Òkè-Onígbìn. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ wálé, á sì padà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Kò nà wá rí, kò bú ìyá mi rí, n kò gbọ́ kí ó gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Títí di òní, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ọkùnrin kan jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi í pé ta ló ń jìyà jẹ́jẹ́ náà. Eyínmẹ́nugún àbúrò rẹ̀ kì í ṣe jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, òun ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́. Kò sí eré tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí kò ní í dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, tí á máa fọwọ́ júwe ibi tí kálukú máa jókòó sí. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé wa ṣe máa ń jókòó lórí ẹní níwájú pátápátá, níbi tí itọ́ olórin ti lè ta sí wa lára. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹgbẹ́ akọrin Òkè-Onígbìn pẹ̀lú dùùrù wọn tó ń mí bí arúgbó. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin Rore kan tó ń ta gìtá tí okùn rẹ̀ kò pé, tó máa ń fi ẹnu ṣe ohùn okùn tó já. Àwọn obìnrin Òrò wá síbẹ̀ pẹ̀lú igbá, wọ́n ń fi òrùka ọwọ́ wọn lù ú títí ara mi fi ń gbọ̀n. Bí eré bá parí, á dà bíi pé kí n má dìde. Mo fẹ́ràn àbúrò bàbá mi nígbà náà nítorí kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Òun náà ló mú ìròyìn wá pé àwọn onírédíò ń bọ̀ láti Ìlọrin. Wọ́n fẹ́ gba orin àwọn ìyàwó ilé sílẹ̀, agbo ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, wọn á sì fi gbogbo rẹ̀ sórí afẹ́fẹ́ ní ọ̀sán Sátidé kan. Láti ọjọ́ náà, iyán kì í tètè délẹ̀ mọ́ nílé wa. Ìyá mi á dá orin, á dúró, á ní kò tíì rí bẹ́ẹ̀, á tún un dá, iṣu á sì máa tutù nínú odó. Bàbá bàbá mi pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ṣé orin ni òun máa fi kan ọbẹ̀ ni. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó tún un dá. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ ní Èsìẹ́ kò lè rìn mọ́. Orí ẹní ló wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìyá mi wá sí Ọ̀mù-Àrán, ìyá àgbà náà kò tíì gbọ́ orin lẹ́nu ọmọ rẹ̀ bí ó ṣe máa ń gbọ́ ọ nígbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí bí ìyá mi bá lọ kí i, ìrìn kíákíá ni, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí. Rédíò sì wà nílé wọn. "Bí wọ́n bá gbé e sí etí rẹ̀," ni ìyá mi wí, "á gbọ́ mi láìdìde." Ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Èsìẹ́ pé kí wọ́n wá bátìrì tuntun sí i.

Ọ̀sán ni wọ́n ṣe é, kí àwọn onírédíò lè padà sí Ìlọrin kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn ènìyàn gun fèrèsé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ dígí ló ń tọ́jú ẹ̀rọ, ó ń fò kọjá lórí wáyà bí ẹni tó ń fo gọ́tà. Nígbà tó kan Ilé Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ó ní kí ìyá mi dá a díẹ̀ ná, kí òun fi wo bí ẹ̀rọ ṣe ń gba ohùn. Ìyá mi dá a:

Mo ṣèyàwó délé, mo bá ọkọ pọ̀,
Eyínmẹ́nugún ọkọ mi, ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí i,
Adúmáadán ọkọ mi, ẹ kọjú sí mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè. "Màmá, orin yín dùn. Ṣùgbọ́n ta ni Eyínmẹ́nugún? Ẹni tó ń gbọ́ wa ní Ọ̀fà tàbí ní Ìlọrin ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ pe orúkọ wọn gangan, káwọn èèyàn wọn tó wà lẹ́yìn odi lè dá wọn mọ̀."

"Mi ò lè pe orúkọ wọn," ni ìyá mi wí. "Ọkọ mi ni wọ́n."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó wo aago. "Màmá, bí ò bá sí orúkọ, ọ̀gá wa lè má lò ó o. Ẹ ṣe é bí mo ṣe wí, àwọn míì ń dúró."

Ìyá mi yí ojú sí ìhà ògiri, níbi tí àwọn ọkùnrin ilé wa jókòó sí. Orí ẹní níwájú ni mo wà, mo sì yíjú síbi tí ó yíjú sí. Bàbá mi ló ń wò. Ìbéèrè ni, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé ìbéèrè ni. Bàbá mi sì mi orí sí i pé kó pè é. Kì í ṣe pé ó ń lé eṣinṣin. Ó wò ó lójú, ó mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ti ń gbọ́ orúkọ ilé bàbá rẹ̀ lórí rédíò. Ìyá mi mí kanlẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀rọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì dá orin náà.

Mo ti gbọ́ orin púpọ̀ láti ìgbà náà, mo ti sanwó gbọ́ òmíràn, n kò tíì gbọ́ èyí tó dà bíi rẹ̀. Ohùn náà há díẹ̀, ó gòkè, páànù gbà á, ó dá a padà sórí wa. Àwọn tó wà lójú fèrèsé dákẹ́. Nígbà tó dé ibi tí Eyínmẹ́nugún ti ń bọ̀, ó ní, "Bámidélé ọkọ mi." Igbá tí wọ́n ń lù tẹ̀lé e ṣe bíi pé ó fẹ́ dúró. Àwọn ìyàwó ilé wa wo ara wọn, wọ́n gbè é, orin sì ń lọ títí tó fi parí, gbogbo gbọ̀ngàn sì dìde pàtẹ́wọ́. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Àbúrò bàbá mi dúró síbẹ̀ láàrin àwọn ọkùnrin agbo ilé mìíràn, eyín rẹ̀ ṣì hàn síta. Ọ̀kan nínú wọn gbá a lẹ́yìn, ó ní, "Bámidélé, ìyàwó yín mà pè yín bí ọmọ tó fẹ́ rán níṣẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pe ìyá mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé jókòó lápá kan, àwọn ọkùnrin lápá kejì. Iṣu wà lórí iná, kò sì sẹ́ni tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, aṣọ tó wọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ta ló ní kí o pe ọkọ rẹ lórúkọ lójú gbogbo ìlú?" ni Ìyá Rore bi í.

Ìyá mi yíjú. Ó wo bàbá mi. Ó ń dúró dè é. Ó lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ọkọ òun ló mi orí sí òun, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ó ti ẹnu rẹ̀ wá. Bàbá mi bọ́ fìlà, ó ń fi ìka gbọn nǹkan kan kúrò lára rẹ̀.

"Onírédíò ló ní kí n pè é," ni ìyá mi wí nígbà tó pẹ́.

"Ṣé onírédíò ló fẹ́ ọ?"

Àbúrò bàbá mi gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń ṣe ìlàjà. "Èmi ò bínú. Mi ò bínú rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó tó kù ń wò wá. Bí òní bá kọjá lọ báyìí, lọ́la wọn á máa pè wá látojúde."

Ẹ̀yìn òpó ni mo dúró sí. Mo jáde. "Bàbá mi mi orí sí i," ni mo wí. "Mo rí wọn. Ìyá mi kọ́kọ́ wò wọ́n, wọ́n sì mi orí."

Ìyá Rore ní ta ló pe ọmọ yìí sí ọ̀rọ̀. Bàbá mi gbé ojú sókè nígbà náà, ọkàn mi sì balẹ̀, torí mo mọ̀ pé á sọ ọ́ wàyí. Ó wò mí pẹ̀lú ojú rere. "Àbẹ̀kẹ́," ni ó wí, jẹ́jẹ́, "wọlé lọ."

Ohun tí ó sọ lórí ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ, ní ọjọ́ náà àti láti ọjọ́ náà. Inú ilé ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ìyá Rore ní ẹnu tó pe ọkọ lórúkọ kò gbọ́dọ̀ dá orin nínú ilé àwọn mọ́. Ó lè gbè é pẹ̀lú àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò máa dá a. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe, ó dìde, ó sì lọ sọ iṣu kalẹ̀. Ó ti jóná nídìí. Ó gé ibi tó jóná kúrò, ó gún ìyókù. Ohun tí a gbọ́ nílé lọ́jọ́ náà ni ọmọ odó nìkan, gbì, gbì, gbì, àwọn ọmọ kéú sì gun orí ògiri láti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Sátidé tí rédíò yóò gbé orin náà pé. Mo ti ka ọjọ́ náà lọ́kàn mi. Mo rò pé bí orin náà bá jáde, bí gbogbo ayé bá gbọ́ ọ, ojú á ti Ìyá Rore, á sì bẹ̀ ẹ́. Ọmọdé ni mí. Wọ́n gbé rédíò sórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀. Orin agbo ilé kan jáde, ti èkejì jáde, ti àwọn tí ohùn wọn kò dé orúnkún ìyá mi náà jáde. Ìyá mi wà nídìí odó. Kò wá sọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n mo rí i pé bí orin kan bá ti parí, ọmọ odó rẹ̀ á dúró sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀mù-Àrán, ó ní ó dìgbà kan ná. Gbogbo ojú yí sí àbúrò bàbá mi. "Mo ti bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ," ni ó wí. "Mo ní kí wọ́n yọ tiwa kúrò. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ilé wa ṣe yẹ̀yẹ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣe wá lóore. Ọmọ odó ìyá mi wà lókè. Ó balẹ̀. Iyán náà délẹ̀ lásìkò lọ́jọ́ yẹn, bàbá mi jẹ tirẹ̀ tán, ó ní ó kúnná dáadáa.

Àbúrò ìyá mi ló wá láti Èsìẹ́ lẹ́yìn náà. Ó ní wọ́n wá bátìrì tuntun, wọ́n gbé ìyá àgbà jókòó, wọ́n fi aṣọ ti ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ará ilé wá bá a gbọ́ ọ. Nígbà tó parí, ìyá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n pa rédíò. Ó ń bi wọ́n bóyá ohùn ọmọ òun ló ti yí padà tí òun kò fi dá a mọ̀ láàrin wọn. Ìyá mi gbọ́ èyí pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí àbúrò òun sọ fún un pé ohùn òun kò yí padà. Kí ọdún náà tó parí, ìyá àgbà kú.

Wọ́n fi ẹlòmíràn sípò ìyá mi, ìyàwó kékeré kan tí ohùn rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn rẹ̀ di òní. Wọ́n ní ìyá mi lè máa gbè é, kò gbè é. Bí wọ́n bá ń kọrin, á máa wá nǹkan ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí àìsàn dá Ìyá Rore dùbúlẹ̀, ó bẹ ìyá mi pé kó dá ọ̀kan fún òun, torí ilé ti dákẹ́ jù. Ìyá mi ń fi omi gbígbóná nù ú lẹ́sẹ̀. "Adúmáadán, ẹ ti ní kí n má dá a mọ́," ni ó wí, ó sì ń nù ú lọ. Mo jókòó síbẹ̀, inú mi sì dùn. Kò yẹ kó dùn, ṣùgbọ́n ó dùn.

Nígbà tí mo níṣẹ́ lọ́wọ́, mo mú ìyá mi lọ sí gbọ̀ngàn Ìlọrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀. Olórin náà ń pe àwọn ènìyàn jàǹkàn jàǹkàn tó jókòó níwájú lórúkọ, ó ń pè wọ́n pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn. Ìyá mi fà mí láṣọ. "Gbogbo orúkọ tó ń pè yìí, ṣé àwọn ló ni ín?" Mo ní àwọn ni. Ó na ọrùn wò wọ́n. "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín," ni ó wí. Nígbà tí eré parí, a wọ ọkọ̀ padà sílé. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kò gbàgbé ọjọ́ kankan nínú àwọn ọjọ́ tí kò fi dá orin.

Eyínmẹ́nugún kú láìpẹ́ yìí. Wọ́n sin ín tán lọ́sàn-án, wọ́n sì kó wa lọ sí gbọ̀ngàn fún oúnjẹ. Wọ́n ti tún un ṣe. Àga oníke ló wà níbẹ̀, wọ́n ti lẹ táìlì mọ́ ilẹ̀ tí a máa ń tẹ́ ẹní sí, ṣùgbọ́n páànù náà ṣì wà lórí. Ìyá mi, tó ti di ìyàwó àgbà pátápátá nílé wa, jókòó lápá ọ̀tún mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bàbá mi jókòó lápá òsì, ó ti darúgbó gidigidi, oorun sì ń gbé e. Ìyàwó ọmọ olóògbé, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó lọ́yàyà, gba maíkì. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ pé kó dìde kí àwọn ènìyàn rí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ orin fún òkú náà, "Bámidélé o, sùn un re o." Gbogbo gbọ̀ngàn gbè é. Àwọn obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé wa, àwọn tó jókòó sípò Ìyá Rore nísinsìnyí, ń gbè é pẹ̀lú ẹran lẹ́nu.

Ìyá mi fà mí láṣọ. "Ṣé ìyàwó ilé wa nìyẹn?"

"Ìyàwó ilé wa ni, Màámi. Ìyàwó Ṣọlá."

"Eyínmẹ́nugún ló ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni."

Ọmọ náà parí orin, ó sì wá sọ́dọ̀ wa, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú ìyá mi, torí ọmọ dáadáa ni. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, wọ́n ní ẹ máa ń kọrin nígbà kan. Ẹ dá ẹyọ kan fún wa." Ó fi maíkì lé ìyá mi lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn dákẹ́ láti gbọ́ arúgbó. Mo ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lórí ẹní.

Ìyá mi gbé maíkì náà sún mọ́ ẹnu ọmọ náà. "Tún orúkọ yẹn pè," ni ó wí, "kí n gbọ́."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé etí ìyá mi ti di ni. Ó fẹnu sí i, ó pè é ketekete: "Bámidélé."

Páànù gbà á, ó dá a padà sórí wa. Ìyá mi gbé ojú sókè, ó ń tẹ́tí. Ó wo ibi tí àwọn obìnrin ilé wa jókòó sí. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń béèrè omi. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó yíjú sí bàbá mi, ó sì wò ó pẹ́. Bàbá mi ti sùn. Orí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá sókè.

"Nǹkan kan ò mà ṣẹlẹ̀," ni ìyá mi wí.

Ó dá maíkì padà fún ọmọ náà, ó ní kí n bá òun mú ọ̀pá, kí a máa lọ sílé.